Ta ló dá Nairobi sílẹ̀ gan-an?

Ọ̀jọ̀gbọ́n_Àdúgbò: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Gbogbo ibi tí mo kà á sí ni wọ́n ti ń sọ pé òyìnbó ló dá Nairobi sílẹ̀ ní 1899, nígbà tí rélùwéè láti Mombasa dé ibẹ̀. Àwọn Máásáì tó ti ń da màlúù wá mu omi níbẹ̀ tipẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹni tó bá ti kó irin dé lonílùú ni?

Bàbá_Ìbejì: Òyìnbó ni jàre. Kí wọ́n tó dé kò sí ọjà, kò sí ilé, àbàtà lásán ni. Kí lẹ tún ń bèèrè?

Àdùkẹ́_Mushin: Àbí Máásáì ò ní ọmọ onílẹ̀ ni? Ká ní Mushin ni wọ́n fẹ́ gbé irin yẹn gbà, owó fáńdéṣọ̀n nìkan á dá wọn dúró di 1950 😂

Ọmọ_Ẹ̀gbá: @Àdùkẹ́ 😂😂 wọ́n á gba ti fáńdéṣọ̀n, wọ́n á gba ti òrùlé, wọ́n á tún gba owó kìnnìún.

Tọ́lá_Chicago: Ẹ má fi kìnnìún ṣeré o, mo ti rí méjì tó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yẹn, wọ́n wà ní Field Museum níbí, inú gíláàsì ni wọ́n kó wọn sí, akọ ni méjèèjì ṣùgbọ́n wọn ò ní irun ọrùn rárá. Èèyàn 135 ni wọ́n jẹ ní Nairobi.

Bàbá_Ìbejì: Nairobi kọ́, àbúrò. Tsavo ni, 1898, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá. Irin ò tíì dé Nairobi nígbà yẹn.

Tọ́lá_Chicago: Ṣebí ojú irin kan náà ni. Èmi dúró síwájú ẹ̀ o ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ń tẹ fóònù.

Bàbá_Ìbejì: 135 yẹn gan-an, Patterson tó yìnbọn pa wọ́n ló sọ ọ́. Ọdẹ wo lo rí tó ń bu ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kù? Àwọn onísáyẹ́ǹsì yẹ egungun àti irun wọn wò ní 2009, wọ́n ní bí 35 ni.

Tọ́lá_Chicago: 35 ò wá tó yín ni?

Kúnlé_Ojúurin: Ẹ ò dárúkọ àwọn ará Íńdíà. Ó lé ní 30,000 tí wọ́n kó wá ṣe iṣẹ́ irin yẹn, ọ̀pọ̀ padà sílé, àwọn tó kù pẹ̀lú àwọn oníṣòwò tó tẹ̀ lé wọn ló ń tajà ní Nairobi, nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri wá dé ní 1902, ọjà wọn yẹn ni ìjọba dáná sun. Ẹ ṣì ní òyìnbó ló dá a sílẹ̀.

Bàbá_Ìbejì: ÒYÌNBÓ LÓ DÁ A SÍLẸ̀.

Ṣadé_Ọ̀ṣun: Ní ti Máásáì, 1904 ni wọ́n bá wọn ṣàdéhùn, wọ́n kó wọn kúrò lójú ọ̀nà irin, apá kan lọ Laikipia, apá kan lọ gúúsù, ìwé ní ibẹ̀ ni wọ́n máa wà níwọ̀n ìgbà tí ìran Máásáì bá ṣì wà láyé. Nígbà tó di 1911 wọ́n tún ní kí àwọn ti Laikipia kẹ́rù. Ọdún méje péré!

Ọmọ_Ẹ̀gbá: County tí wọ́n ń pè é ńkọ́, òyìnbó náà ni?

Kúnlé_Ojúurin: Rárá o. Òfin 2010 ló pín Kenya sí county 47, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013.

Iya_Bọ́lá: Ah ah, 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Nairobi sílẹ̀? Mo ti lọ ibẹ̀ kó tó dìgbà yẹn o.

Àdùkẹ́_Mushin: Mummy ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà sókè kà á 😭

Iya_Bọ́lá: Èwo ni kí n kà? Ugali wọn ò dà bí àmàlà ṣá.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ẹ má fi ugali wé àmàlà ní iwájú mi o!!

Tọ́lá_Chicago: @Bàbá_Ìbejì mo ti fi fọ́tò ẹ̀ síbí, ẹ wo ọrùn ẹ̀ dáadáa.

Bàbá_Ìbejì: Abo nìyẹn.