Irùngbọ̀n àti ìbòmú ẹ̀rọ èémí: ṣé àfi ká fá a ni?

Ọmọ Owé, Kàbbà: Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dókítà ní èémí bàbá mi máa ń dá dúró lójú oorun, pé kì í ṣe hanrun lásán. Ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀nà ọ̀fun kó má baà dí, ni wọ́n fi ń sùn báyìí. Àmọ́ irùngbọ̀n wọn kún dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, atẹ́gùn ń yọ́ jáde lábẹ́ ìbòmú, ó ń fẹ́ sí wọn lójú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ta ìbòmú náà ní àfi kí wọ́n fá a. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

Adé Ìyàrá: Kí wọ́n fá a jàre. Irun á tún hù, ẹ̀mí ò láàrọ̀.

Alfa Kàbbà: Ẹ rọra, àbúrò. Sunna ni irùngbọ̀n jẹ́ fún àwa kan. Ẹni tí wọ́n bá fipá mú fá a lónìí, ọ̀la ló máa pa ẹ̀rọ náà tì.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Ó jọ pé èyí tó bo imú àti ẹnu pọ̀ ni Bàbá ń lò. Òun ni irùngbọ̀n máa ń dà láàmú jù, torí orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ni rọ́bà rẹ̀ jókòó sí, irun kì í sì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ awọ. Èyí tó bo imú nìkan wà. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní nasal pillows, ẹnu ihò imú ni rọ́bà rẹ̀ méjèèjì ń dúró sí, kì í kan irùngbọ̀n rárá. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí irun òkè ètè bá gùn débẹ̀, ẹ gé e kúrú díẹ̀.

Adé Ìyàrá: Mi ò gbà. Báwo ni nǹkan kékeré yẹn ṣe máa gbé atẹ́gùn tó lágbára? Kí wọ́n fa okùn ìbòmú ńlá náà le, kò ní jò mọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà náà gbọ́dọ̀ ráyè wú kó tó lè dí ojú ibi tó ń jò. Tí ẹ bá fún un mọ́lẹ̀ á ká kò, á túbọ̀ jò, á sì dégbò sórí imú. Ní ti atẹ́gùn, nígbà tí Colin Sullivan àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà gbé ìtọ́jú yìí jáde ní 1981, imú nìkan ni àwọn aláìsàn 5 tí wọ́n dán an wò lára wọn fi gbà á, ó sì la ọ̀nà ọ̀fun wọn.

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹnu o. Kékeré yẹn ni ọkọ mi ń lò. Ẹnu wọn máa ń là sílẹ̀ lóru, atẹ́gùn á gbabẹ̀ jáde, ọ̀fun á gbẹ. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù. Ọ̀já tó ń gbé àgbọ̀n sókè ló ràn wọ́n lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ́: Tí imú bá dí, ẹ má fi ọ̀já dì wọ́n lẹ́nu o! Ẹ bu omi sínú ike ara ẹ̀rọ náà kí atẹ́gùn lè ní ọ̀rinrin. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá ṣeé pa dé, kó lo èyí tó bo ẹnu, tí òkè rẹ̀ parí sábẹ́ imú. Ìyẹn ṣì máa kan àgbọ̀n, kó wá gẹ irun ojú ibi tí rọ́bà bá jókòó sí nìkan.

Alfa Kàbbà: Gígẹ̀ yẹn, mo lè gbà á. Fífá ni mi ò gbà.

Bàbá Ìsánlú: Ẹ sọ fún un pé kó má fi òrí tàbí òróró pa irùngbọ̀n kó tó sùn. Ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń mú un yọ̀. Kí wọ́n máa fi ọṣẹ tí kò le fọ rọ́bà náà lójoojúmọ́.

Ọmọ Owé, Kàbbà: Ẹ ṣé gan-an. Ìyá mi ni màá bi bóyá ẹnu Bàbá máa ń là lóru. Tí kò bá là, kékeré la máa rà, àmọ́ Bàbá máa dùbúlẹ̀ fi dán an wò, kí ẹ̀rọ sì máa ṣiṣẹ́, ká tó sanwó.