Ṣé Máníjà Ẹgbẹ́ Olórin Ló Yẹ Kó Máa Yan Orin Ọ̀sẹ̀?

ỌmọGwarinpa: Ẹ̀yin Yorùbá ilẹ̀ Àríwá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìkànnì tí a ń kó orin fújì, jùjú àti àpàlà sí, tí àwọn èèyàn wa ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò ń tọ́jú láìgbowó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń dùn mí. Ẹni tó ń yan orin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, òun náà ni máníjà ẹgbẹ́ olórin kan ní Kubwa, ẹgbẹ́ yẹn ló sì ń wà lókè lemọ́lemọ́. Kò kọ ọ́ síbì kankan pé òun ló ń bá wọn gba òde. Owó tí a dá fún sáfà, ẹnikẹ́ni ò ka ìnáwó rẹ̀ sí wa létí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni máníjà wọn, kí ẹlòmíì máa yan orin nígbà tí tiwọn bá wà nílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé owó jáde. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

ÌyáÌbejìLugbe: Ẹgbẹ́ Kubwa wo nìyẹn? Ṣé wọ́n ń lọ òde ìsọmọlórúkọ? Èló ni wọ́n ń gbà?

BabaSaboKàdúná: Àbúrò, ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lo fẹ́ máa yẹ ìwé rẹ̀ wò. Òru lọmọ yẹn fi ń gbé orin síbẹ̀, owó ara rẹ̀ ló sì fi ń ra dátà. Ẹ máa dúpẹ́ oore.

ỌmọGwarinpa: Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ tiẹ̀ sà. Ṣùgbọ́n bí orin bá wà lókè, òde á máa wọlé fún ẹgbẹ́ náà, máníjà á sì gba ìpín tiẹ̀. Ìpín yẹn ni kó jẹ́ ká mọ̀ sí.

Agbẹjọ́ròWuse: Ṣé wọ́n tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀? Bí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ tó ní alámòójútó, CAMA 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, fàyè gba CAC láti dá àwọn alámòójútó dúró bí wọ́n bá ń ná owó ẹgbẹ́ ní ìnákúnàá.

OníBọ́ọ̀sìNyanya: CAC kẹ̀! Nítorí fújì! 😂😂 Wọ́n á wá fi kọ́kọ́rọ́ ti gáńgan mọ́lé ní Maitama.

TísàZaria: Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, Alan Freed, ìlúmọ̀ọ́ká tó ń gbé orin sórí rédíò, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó kọ orin “Maybellene” ti olórin Chuck Berry ní 1955, òun náà ló sì ń gbé orin yẹn sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n tún òfin wọn ṣe ní 1960, wọn ò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ rédíò má gbowó orin rárá. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti gbà á, kí wọ́n kéde rẹ̀ fún olùgbọ́. Ohun tí ỌmọGwarinpa ń bèèrè kò ju ìyẹn lọ.

BabaSaboKàdúná: Amẹ́ríkà nìyẹn. Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀ ní 1969. Olórin ni wọ́n, àwọn náà ló ń ta àwo. Ta ló yẹ ìwé wọn wò?

TísàZaria: Bàbá, wọn ò fi í pamọ́ pé àwọn ló ni Star. Wọn ò sì jókòó sípò adájọ́ kí wọ́n máa sọ fún wa pé àwo tàwọn ló dùn jù.

BabaSaboKàdúná: KÒ GBA KỌ́BỌ̀! Mo tún un sọ, KÒ GBA KỌ́BỌ̀!

FújìNiMíKánò: Èyí tó ń bí mi nínú ni pé Barrister ló ń wà níbẹ̀ ṣáá, Kollington ò sí. Ojúsàájú gidi nìyẹn.

AdéJos: Barrister ló sọ wéré, orin ajísààrì ìgbà ààwẹ̀, di fújì. Ta lo tún fẹ́ kí wọ́n fi síbẹ̀?

FújìNiMíKánò: Ta ló gbé bàtá wọ inú fújì? Dáhùn!

AdéJos: Ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ la kọ́kọ́ ń pè.

FújìNiMíKánò: O ò mọ fújì. Ọmọ Ilọ́ta ní Kwara ni Kollington, ọmọ Àríwá bíi tiwa. Ìkànnì Yorùbá Àríwá tí kò ní Kollington, kí ló wà fún?

ỌmọÌlọrinGarki: Ta lẹ ń pè ní ọmọ Àríwá? Yorùbá ni wá ní Kwara, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre.

Agbẹjọ́ròWuse: Nínú ìpín ìjọba, North Central ni Kwara wà.

ỌmọÌlọrinGarki: Ìpín ìjọba ò bí bàbá mi.

OníBọ́ọ̀sìNyanya: 😂😂😂 Ẹ fún wọn láyè!

OlùdáwóJabi: Èmi wà lára àwọn tó dá owó sáfà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, orin tí mi ò rí rà mọ́ ni mo ń gbọ́ níbẹ̀. Títí wọ́n á fi gbé ìwé owó jáde, mi ò ní dá kọ́bọ̀ mọ́.

BabaSaboKàdúná: Má dá a. Kí o tó dá owó lọmọ yẹn ti ń ṣe é.

ỌmọGwarinpa: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fara mọ́ ọn kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni máníjà wọn? Èyí kan ṣoṣo.

AdéJos: Láti 2010 tí Barrister ti kú, òde Yorùbá wo lẹ lọ ní Jos tí wọn ò gbé orin rẹ̀?

FújìNiMíKánò: Bàtá ni mo bi ọ́. Mo ṣì ń dúró.