Ìbẹ̀rẹ̀ Kọ́ Ni Oníṣẹ́: Ẹ Yẹ Sẹ́kọ́ńdìrì Tuntun Wò Kẹ́ Ẹ Tó Fọmọ Síbẹ̀

"Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, à fi ẹni tó bá fi orí tì í dópin." Àwọn àgbà kì í pa òwe yìí láti fi bú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wòran ni wọ́n ń pa á fún, kó má baà tètè pàtẹ́wọ́. Ó bá ìgbà mu ní Ìlọrin báyìí. Bí èèyàn bá gba Tanke tàbí Gaa-Akanbi kọjá, kò ní ṣàìrí pátákó tuntun tí wọ́n ya ọmọ tó wọ kóòtù sí, tí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ̀ pé JSS 1 dé SS 2 làwọn ń gbà. Ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà, bọ́ọ̀sì tuntun, kọ̀ǹpútà tó tò lọ rẹrẹ: ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ yín máa jókòó ṣe WAEC ni òpin. Ohun tí òbí ń wá ni bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà lè bá ọmọ dé ọjọ́ yẹn.

A ò ní kí ẹ sá fún tuntun o. Offa Grammar School tí gbogbo Kwara mọ̀, tuntun lòun náà lọ́dún 1943. Àwọn ọmọ kì í pọ̀ jù ní kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tuntun, tíṣà á mọ orúkọ gbogbo wọn, ẹni tó dá a sílẹ̀ á sì ṣì máa fúnra rẹ̀ dúró ní géètì láàárọ̀. Ẹ̀rí ni kò tíì ní.

Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ọmọ tó bá wọ JSS 1 ní ọdún mẹ́ta kó tó ṣe BECE (ìdánwò ìparí JSS 3), ó sì ní mẹ́fà kó tó parí SS 3. Ilé ẹ̀kọ́ náà ráyè kọ́ láàbù, kó gba tíṣà, kó sì gbàṣẹ. Ọmọ tó bá wọ SS 1 kò ní tó ọdún mẹ́ta. Ti SS 2 ńkọ́? Ọdún tó ń bọ̀ ni WAEC tirẹ̀. Ní tiwa, JSS 1 la lè fi ọkàn balẹ̀ fọmọ sí níbi tí kò tíì pé ọdún méjì. SS 2 níbẹ̀, a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀, ẹ̀dínwó yòówù kí wọ́n ṣe.

"Abèèrè kì í ṣìnà", àmọ́ bí ìbéèrè ò bá mú, ìdáhùn ò lè mú. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé ìjọba mọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí lẹ́tà àṣẹ láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Kwara, kí ẹ sì wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́, àdírẹ́sì, àti kíláàsì tí àṣẹ náà dé. Inú ọgbà pírámárì ni ọ̀pọ̀ sẹ́kọ́ńdìrì tuntun ti ń hù jáde, lẹ́tà ti pírámárì ló sì máa ń wà nínú férémù lára ògiri ọ́fíìsì. Ìyẹn ò kan sẹ́kọ́ńdìrì. Òmíràn gba ti JSS, kò tíì gba ti SS. Tí wọ́n bá ní ó wà lọ́nà, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi tọrọ àṣẹ àti ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò wá.

WAEC náà ní àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n máa wá yẹ láàbù, láíbúrì, gbọ̀ngàn ìdánwò àti sátífíkéètì àwọn tíṣà wò kí wọ́n tó gbà kí ilé ẹ̀kọ́ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá tíì yege máa kó àwọn ọmọ lọ síbòmíì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wọlé. Owó á lé sí i. Máàkì CA (ti iṣẹ́ kíláàsì àti ìdánwò inú ilé ẹ̀kọ́) tí WAEC ń gbà láti SS 1 dé SS 3, ẹni tí kò kọ́ ọmọ náà rí ni yóò máa kọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ mírákù sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó ìdánwò, ni wọ́n kó wọn lọ, tí WAEC fagi lé èsì ibẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé àti èyí tí kò mọ̀wé lè jọ pàdánù ọdún kan. Ẹ bi puríńsípà pé: "Níbo ni sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yín máa ti ṣe WAEC?" Lẹ́yìn náà kí ẹ dákẹ́, kó sọ̀rọ̀.

Tí wọ́n bá mú yín wọ láàbù, ẹ fi àwòrán egungun èèyàn tó wà lára ògiri sílẹ̀, kí ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Omi gbọ́dọ̀ jáde, kó sì ríbi gbà lọ. Ẹ ka burette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà. Ṣé ó tó kí ọmọ méjì máa lo ọ̀kan, àbí ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí tíṣà fi ń ṣe àfihàn? Lọ́jọ́ ìdánwò Kẹ́mísírì, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa lò ó, iye tó bá sì kà lẹ́ẹ̀mejì kò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 cm³ lọ síra wọn. Ọwọ́ tí kò dì í mú rí kò lè ṣe ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò sodium hydroxide hàn yín (ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń jó ara). Hóró funfun tó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Bó bá ti dì pọ̀ gbagidi, tàbí tó ti ń ṣomi, a jẹ́ pé wọ́n ṣí i, wọn ò dé e dáadáa, ó sì ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bí gbogbo ìgò bá sì wà bí wọ́n ṣe rà á, tí eruku ọyẹ́ bò ó, nítorí olùbẹ̀wò ni wọ́n ṣe rà á. Ibi tó jẹ́ pé JSS 1 nìkan ni wọ́n ní, a ò lè fi dandan lé gbogbo èyí; kí wọ́n ṣáà fi ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí hàn yín.

Ìwé nọ́ọ̀tì ọmọ kan ń sọ ju ìwé ìpolówó lọ. Ẹ tọrọ ti Ìṣirò. Ẹ wo déètì: tí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá ti kọjá nínú tááàmù, tó jẹ́ nọ́ọ̀tì ọ̀sẹ̀ kejì ló wà níbẹ̀, tíṣà kan ti lọ, wọn ò tíì rí òmíràn. Ẹ wo bírò pupa. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi máàkì sí pé ó tọ̀nà, ẹ ṣe ìṣirò kan nínú rẹ̀ fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ tíṣà, owó ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Ká ní ọmọ mẹ́jọ ló wà ní JSS 1, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san ₦60,000 ní tááàmù. ₦480,000 nìyẹn. Tíṣà mẹ́fà ló kéré jù tó lè pín iṣẹ́ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba ₦70,000 lóṣù, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ lọ́dún 2024, oṣù mẹ́ta á jẹ́ ₦1,260,000. Ta ló ń dí àlàfo ₦780,000? Bó bá jẹ́ pírámárì tó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló ń bọ́ ọ, ó dáa. Bó bá jẹ́ àpò ẹnì kan ṣoṣo ni, tàbí owó yíyá, tíṣà á máa lọ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ béèrè iye tíṣà tó ti lọ látọdún tó kọjá, àti iye àgùnbánirọ̀ tó wà nínú wọn, torí pé àgùnbánirọ̀ kì í lò ju ọdún kan lọ. NCE ló kéré jù tí tíṣà gbọ́dọ̀ ní, kó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹ wo ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, kí ẹ sì wo ilẹ̀kùn rẹ̀ bóyá ó ń tì.

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin kan tún wà: ilé kéwú. Bí lẹ́sìnnì ọ̀ranyàn bá ń pẹ́ títí di aago mẹ́rin, tí bọ́ọ̀sì sì ń yípo Adéwọlé kó tó dé Òkè-Òdò, ọmọ ò ní bá wọn ní ilé kéwú. Ẹ tún béèrè ìlànà wọn lórí hìjáàbù àti ìrun Jímọ̀, kó wà lórí ìwé, ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe. Lọ́dún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa fúngbà díẹ̀ ní Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ hìjáàbù, àwọn ọmọ ló sì jókòó sílé.

"Bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún." Kí àwọn ááfà wa má bínú, òwe ni. Bí ẹ bá ti fọmọ síbẹ̀, ẹ máa padà lọ wò ó ní tááàmù-tááàmù. Ẹ má san owó ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀dínwó tí wọ́n bá ṣe fún àwọn tó kọ́kọ́ dé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó máa dé SS 3 tàbí tááàmù kan péré ni, kí wọ́n sì kọ owó ìwé, yunifọ́ọ̀mù, bọ́ọ̀sì àti lẹ́sìnnì sí i. Ẹ tọ́jú èsì tááàmù kọ̀ọ̀kan tó ní òǹtẹ̀, torí òun ni ibòmíì máa béèrè bí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kúrò. Bó bá sì máa kúrò, òpin JSS 3 ló rọrùn jù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti ń gba ọmọ tuntun. Bí WAEC bá ti fi lè parí ìforúkọsílẹ̀ fún SS 3, ibi tí orúkọ ọmọ wà ni yóò ti ṣe é.