Ẹ̀yin ọ̀pẹ̀, ẹ yé sáré pàṣípààrọ̀ ọmọ chess níwájú ọ̀ta

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́ o. Tí ọ̀pẹ̀ bá ti rí i ní túnámẹ́ǹtì chess pé ẹni tí rating ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó hàn) fi 400 ju tòun lọ lòun fẹ́ bá ta, ẹ̀rù á ti bà á, ìmọ̀ràn tí wọ́n á sì fún un ni pé kó ṣáà máa pàṣípààrọ̀, kuìnì fún kuìnì, rook fún rook, pé tọ́mọ bá ti tán lórí pátákó, ọ̀mì ló máa já sí. Irọ́ ni! Ibi tọ́mọ ti kù díẹ̀ gan-an ni ọ̀ta ti ń pa èèyàn.

Ẹ wo eléyìí (lẹ́tà ń tọ́ka sí ìlà òòró pátákó, nọ́ńbà ń tọ́ka sí ìlà ìbú): ọba funfun wà ní e4, pọ́ọ̀nù ẹ̀, ọmọ kékeré tó ń di kuìnì tó bá dé òpin pátákó, wà lẹ́yìn ẹ̀ ní e3, ọba dúdú dá wà ní e6, kò sí nǹkan míì. Tó bá jẹ́ funfun ló kàn, ọ̀mì ni tí dúdú bá mọ̀ ọ́n ta. Tó bá jẹ́ dúdú ló kàn, funfun ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó kàn nìkan ló yàtọ̀ o, torí ọba ẹni tó kàn ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ lọ́nà fún èkejì! Ọ̀ta ti ń ro èyí látìgbà tọ́mọ ṣì pọ̀, torí náà bó o ṣe rò pé ò ń sá fún un, ibi tó fẹ́ gan-an lò ń bá a lọ. Irú ibẹ̀ ni Capablanca, tó ti gba ife àgbáyé chess rí, ti gbajúmọ̀, ibẹ̀ náà ni Carlsen, tóun náà ti gbà á rí, ti ń jẹ àwọn ọ̀gá bíi tiẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìṣirò Elo, tí wọ́n fi ń ṣírò rating, sọ pé tí rating bá fi 400 jura, nínú 100 póìǹtì, ọ̀ta máa kó bíi 92. Mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Ibi tí pátákó ti le, tọ́mọ pọ̀, tí aago ń lọ, tí ọ̀ta náà ní láti ronú, ibẹ̀ ló wà. Ọmọ ọdún 13 ni Carlsen nígbà tó ta ọ̀mì pẹ̀lú Kasparov, tí rating ẹ̀ ga jù láyé nígbà yẹn, ní Reykjavik lọ́dún 2004, kì í sì í ṣe pé ó ń bẹ̀bẹ̀, Kasparov ló ń wá ọ̀nà àtiyọ.

Tí ọ̀ta bá wá fúnra ẹ̀ ní kẹ́ ẹ gbà á sí ọ̀mì, wo pátákó dáadáa kó o tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀mì yẹn máa já bíi póìǹtì 8 kúrò nínú rating ẹ̀ tí K ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń pinnu bí rating ṣe ń yára lọ sókè sódò) bá jẹ́ 20, ó sì tún ń fẹ́ ẹ? Ó ti rí nǹkan tí ìwọ ò tíì rí nìyẹn. Tí mínìtì bá ṣì wà lórí aago ẹ, jókòó kó o wá a.