“Ẹ Ṣáà Sè É Jinná” Ti Sú Mi

Ọ̀rọ̀ adìẹ yìí ṣì ń bí mi nínú. Láti oṣù kẹrin 2025 tí USDA, àwọn tó ń yẹ ẹran wò ní Amẹ́ríkà, ti wọ́gi lé àbá òfin tí wọ́n fẹ́ fi dín Salmonella, kòkòrò àìfojúrí kan tó ń fa àìsàn, kù nínú adìẹ tútù, èsì kan náà ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ń fún mi: “Kí lo ń pariwo sí? Ṣáà sè é jinná.”

Ẹ gbé adìẹ tútù kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ yẹ ara ọ̀rá rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀ roboto wà níbẹ̀: ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára fún jíjẹ. Ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀: kòkòrò àìfojúrí lè wà nínú ẹ̀, ẹ fọwọ́, ẹ fọ pátákó tẹ́ ẹ fi gé e, ẹ sè é jinná. Ẹni tó buwọ́ lù ú ló tún ń sọ pé ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀!

Wọn ò kúkú parọ́, ojú ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láwọn iléeṣẹ́ kan, adìẹ 140 lè kọjá níwájú olùyẹ̀wò kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú kan. Ó lè rí egbò, ó lè rí ìgbẹ́ tó ta sí i lára. Salmonella ńkọ́?

Àwọn onímọ̀ ìlera ti pẹjọ́ rí pé kí ìjọba fi ìkìlọ̀ nípa Salmonella sára ẹran. Lọ́dún 1974, ilé ẹjọ́ ò gbà, wọ́n ní àwọn ìyàwó ilé Amẹ́ríkà kì í ṣe òpè tàbí òmùgọ̀, wọ́n mọ ẹran sè. Ẹ ò rí ọgbọ́n! Wọ́n fi ìyìn gbé ẹrù lé alásè lórí.

Ó dìgbà tí ọmọdé mẹ́rin kú láàárín ọdún 1992 sí 1993, tí E. coli, kòkòrò àìfojúrí míì, inú ẹran lílọ̀ pa wọ́n, kí ìjọba tó yí ohùn padà. Lọ́dún 1994, wọ́n ní E. coli O157:H7, irú èyí tó pa àwọn ọmọ yẹn, ò gbọdọ̀ sí nínú ẹran màlúù lílọ̀ mọ́. Ẹran lílọ̀ ò sì tíì tán lọ́jà.

Ẹ má sọ fún mi pé iná ń pa Salmonella. Mo mọ̀, tí inú ẹran bá ti gbóná dé 74°C. Omi adìẹ tó ro sórí tábìlì kó tó dórí iná ni mò ń sọ, èyí tó lọ pàdé ewébẹ̀ tá a máa jẹ ní tútù.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé kì í ṣe gbogbo Salmonella ni àbá tí mo ń torí ẹ̀ bínú yìí fẹ́ dá dúró. Èyí tó bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, tó sì wà lára àwọn irú tó burú jù, nìkan ni. Ìyókù ì bá ṣì kọjá. Ṣé ìdajì òfin sàn ju kó má sí rárá, àbí ṣe ló máa jẹ́ káwọn èèyàn rò pé ewu ti tán? Mi ò lè búra.