Ẹ Kọ Ẹ̀yà Abẹ́rẹ́ Ṣegede Sí Káàdì Àwọn Ọmọ Wa

Òbí tó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣegede kì í sábà béèrè ju iye owó àti ọjọ́ tí yóò tún padà wá lọ. Nọ́ọ̀sì á kọ MMR, ìyẹn abẹ́rẹ́ alápapọ̀ fún èéyi, ṣegede àti rubella, sí káàdì, á kọ déètì sí i, ó parí. Lójú tiwa, àkọsílẹ̀ yẹn kò tó, nítorí pé abẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọ àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò rárá ti jọ jẹ́ orúkọ kan náà rí.

Switzerland ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ Rubini níbẹ̀; ẹ̀yà ni irú kòkòrò ṣegede tí a ti sọ di aláìlágbára, tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ náà. Kì í yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sì fi àwọn dókítà lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ogun ni a ti ń mọ akin. Nígbà tí ṣegede jà ní agbègbè Geneva ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ tí káàdì wọn pé pérépéré náà wà lára àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, tí àtigbé itọ́ mì di ìrora fún wọn. Ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ẹ̀yà Urabe dènà àrùn náà ní nǹkan bí ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún, Jeryl Lynn ní nǹkan bí ìdá 62, Rubini ní nǹkan bí ìdá 12 péré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lẹ́yìn náà pé kí orílẹ̀-èdè kankan má ṣe fi Rubini sínú ètò àjẹsára rẹ̀.

Kì í ṣe pé kí a wá sáré mú Urabe nítorí pé òun ló ga jù o. Ó máa ń fa àrùn yírùnyírùn fún ọmọ díẹ̀ nínú àwọn tó bá gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá a dúró ní 1992. Ní 1997, ìlú Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, náà rí àrùn yìí lẹ́yìn tí wọ́n fi Urabe gún àwọn ọmọdé lọ́pọ̀ yanturu. Jeryl Lynn kì í sábà fa irú rẹ̀, bí ọmọ bá sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì, agbára rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá 88. Òun ni àwa fara mọ́, lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ ṣegede kò sí lára èyí tí ìjọba ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òbí tó bá fẹ́ ẹ ní láti san owó. Kò yẹ kí ẹni tó sanwó máà mọ ohun tó rà. Kí òbí má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sá fún abẹ́rẹ́: ṣegede lè sọ ọmọ di adití, ó sì lè mú kí kórópọ̀n ọ̀dọ́mọkùnrin wú.

Ohun tí a ń béèrè kò ju kí orúkọ ẹ̀yà náà wà lórí káàdì, kí àwọn elétò ìlera lè mọ abẹ́rẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà bí ṣegede bá bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ó wà nínú ìwé pélébé tó máa ń bá abẹ́rẹ́ wá nínú páálí, àdàkọ rẹ̀ kò sì lè gba nọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú kan.