Oòrùn ìlú òyìnbó kọ́ ló pa ewédú yín

Ẹ dán an wò kí ẹ sọ láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ní London pé ẹ fẹ́ gbin ewédú sẹ́yìnkùlé, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ewédú kẹ̀? Nílùú yìí? Oòrùn wo ni wọ́n ní?" Èmi náà gbọ́ ọ títí mo fi gbà á gbọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tí mo fọ́n irúgbìn sórí ebè. Mẹ́ta péré ló hù, ìgbín sì jẹ méjì níbẹ̀. Oòrùn ni mo di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Oòrùn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Lóṣù kẹfà, nígbà tí ojúmọ́ máa ń gùn jù n'Íbàdàn, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í ju bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ. Lóṣù kan náà ní London, ó lé ní wákàtí 16 àti ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, ẹ ṣì lè máa tu koríko. Lóòótọ́, oòrùn wọn kì í ta síni lórí bíi tiwa, àmọ́ kì í tètè lọ ilé.

Ewédú sì ní ìwà kan tí àwọn tó ń dá akúrọ̀ nílé mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gbìn ín nígbà tí ọdún ń parí lọ, bó ti wù kó bomi rin ín tó, á rí i pé kò tíì ga dé orúnkún tó fi ń yọ òdòdó yẹ́lò kéékèèké. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ewé rẹ̀ á kéré, igi rẹ̀ á le. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kọ́ ló fà á. Gígùn ọ̀sán àti òru ni ewédú fi ń mọ ìgbà: bí ojúmọ́ bá ti kúrú tó nǹkan bíi wákàtí 12, ó gbà pé ó ti tó àkókò láti so. Bí ojúmọ́ bá gùn, ewé ni yóò máa yọ ṣáá. Ewé la sì ń wá! Nítorí náà, tó bá di ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, London lóṣù keje sàn fún ewédú ju Ìbàdàn lóṣù kejìlá lọ. Ẹ lè bú mi, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Kí ló wá pa tèmi? Ilẹ̀ tútù ni. Oòrùn oṣù kẹrin lè ràn débi tí ẹ ó fi bọ́ kóòtù, àmọ́ ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ wò, bíi inú fíríìjì ló rí. Bí ilẹ̀ ò bá tíì móoru tó 15°C, ewédú ò ní dá a lóhùn, yóò kàn wà níbẹ̀ títí á fi jẹrà. Òru oṣù karùn-ún pàápàá ṣì lè já sí 5°C, nígbà tó jẹ́ pé òru Ìbàdàn kì í sábà wá sísàlẹ̀ 20. Ìrì dídì kan ṣoṣo, tẹ̀tẹ̀ á rọ, á dúdú bí èyí tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná.

Inú ilé ni kí ẹ ti gbìn ín, nínú ife, lójú fèrèsé tó ń gba oòrùn, bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù kẹrin. Tó bá di oṣù kẹfà, ẹ lọ́ ọ síta.

Ohun kejì ni mo gbọ́ lẹ́nu màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé o rì í bọ omi gbígbóná?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Báwo lo ṣe fẹ́ kó hù?" Èèpo irúgbìn ewédú le, omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ ka ẹyọ kan dé ẹ̀wá, kíá, ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Ẹ má ka ogún o, ẹ ó sè é. Irúgbìn kan náà tó kọ̀ fún mi, ọjọ́ karùn-ún ló yọjú.

Ẹ má di irúgbìn sínú báàgì láti ilé, wọ́n á bi yín níwèé ẹ̀rí ìlera ewéko ní pápákọ̀ òfurufú. Ó wà níbí, orúkọ ló yàtọ̀. Molokhia làwọn ará Íjíbítì ń pe ewédú, ẹ fi í wá a. Ìyá ará Jàmáíkà tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ń pe tẹ̀tẹ̀ ní callaloo, ó sì ti ń gbìn ín kí n tó dé ìlú yìí. Àwọn òyìnbó pàápàá ń gbin oríṣi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, òdòdó ni wọ́n fi ń ṣe. Ẹ̀fọ́ ń wò wọ́n, wọ́n ń wò ó.

Ní ti ooru, lọ́jọ́ 19 oṣù keje 2022, ó dé 40.3°C ní Coningsby, abúlé kan ní England. London náà kọjá 40. Létúùsì aládùúgbò mi sùn sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀. Tẹ̀tẹ̀ mi rọ díẹ̀ lọ́sàn-án, mo bu omi sí i nídìí nírọ̀lẹ́, nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti nàró.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ṣeé ṣe. Ẹ fi iṣu sílẹ̀. Ewúro gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò tẹ́ ẹ máa gbé wọlé kí òtútù tó dé. Ata rodo ò kọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́: oṣù kejì ni ẹ ó ti gbìn ín sínú ilé níbi tó móoru, kó tó lè pọ́n lóṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án.

Bí ewédú bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ fi bí ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀, ẹ̀ka á tún yọ. Bó bá jẹ́ oṣù karùn-ún lẹ̀ ń ka èyí, ẹ ò tíì pẹ́ rárá. Ti ata rodo ló ti di àmọ́dún.